Apá Kẹfà Ọ̀gá Mossop

Nígbà tí Clement Rudd pé ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin, oṣù mẹ́rìnlá ni Noreen ìyàwó rẹ̀ ti kú, kò sì sí ọ̀sán kan nínú oṣù mẹ́rìnlá náà tí ó mọ ohun tí yóò fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Ogójì ọdún ni ó fi ṣiṣẹ́ nínú ilé ìṣọ́ ojú irin, tí ó ń fi àmì hàn fún àwọn ọkọ̀ pé kí wọ́n máa bọ̀ tàbí kí wọ́n dúró. Iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í kọ́ ènìyàn ní ọ̀rọ̀ sísọ. Noreen ni ń sọ̀rọ̀ nílé wọn. Nígbà tí ẹnu Noreen dákẹ́, ilé náà dákẹ́.

Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni ó máa ń lọ jókòó sí ilé ìkàwé ìlú Filey, létí òkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé ibẹ̀ móoru, afẹ́fẹ́ òkun kò sì lè bá a níbẹ̀. Gwenda tí ń tọ́jú àwọn ìwé ń wò ó láti ẹ̀yìn tábìlì rẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, kò lè pa á mọ́ra mọ́.

"Ọ̀gbẹ́ni Rudd, ojú ìwé kan náà lẹ wà láti ìdajì wákàtí. Ṣé ẹ fẹ́ kọ́ ọ sórí ni?"

"Mo ń kà á."

"Irọ́ lẹ ń pa. Ẹ dìde. Àwọn òǹwòran wa wà ní yàrá ẹ̀yìn, bisikíìtì alátalẹ̀ sì wà níbẹ̀. Bí ẹ bá pẹ́, Ọ̀gbẹ́ni Lumley á ti jẹ ẹ́ tán."

Bíi méjìlá ni wọ́n nínú yàrá náà, arúgbó pọ̀ jù níbẹ̀. Eré ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe lórí tẹlifíṣàn ni ó kó wọn jọ. Ẹni tó bá wo èyí tó dùn mọ́ ọn yóò kọ ọ́ sórí káàdì, yóò sì fi pín-ìnnì kàn án mọ́ pátákó kí àwọn yòókù lè yá a wò: orúkọ eré náà, iye apá tó ní, bí ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, àti bóyá ọ̀mùtí ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ náà tàbí ìyàwó ti kọ̀ ọ́, nítorí pé kò sí èyí tí kì í ṣe ọ̀kan nínú méjèèjì. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ apànìyàn. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ sí eré tí kò tíì wò dé òpin.

"Eré ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ dà bí àlejò," ni Gwenda máa ń wí. "Ìgbà tó bá ń lọ lẹ máa mọ ohun tó wá ṣe."

Clement kọ káàdì kan lọ́jọ́ náà, kí wọ́n lè fi í sílẹ̀. Ó kọ ọ́ pé: *Apá mẹ́jọ. Ẹ̀jẹ̀ kò pọ̀. Ọlọ́pàá inú rẹ̀ kì í pariwo. Òjò pọ̀. Ó dára.*

Lọ́sẹ̀ kejì, ó bá obìnrin kan níwájú pátákó náà, tó fọwọ́ bo ẹnu, tí èjìká rẹ̀ ń mì.

"Ta ló kọ 'Òjò pọ̀, ó dára'?"

Clement rò pé wọ́n fẹ́ bá òun wí ni. "Èmi ni. Ṣé ó burú?"

"Kò burú rárá. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń ka àwọn káàdì yìí. Gbogbo wọn ló ń pariwo pé àwọn ò lè sùn, pé ọkàn àwọn fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Tiyín nìkan ni mo gbàgbọ́."

Judith Pask ni orúkọ rẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni, kò lọ́kọ rí. Ọdún méjìlá sẹ́yìn ni ó ti kúrò ní Leeds wá tọ́jú ìyá rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì péré, ọ̀sẹ̀ méjì náà kò sì tíì pé.

"Màmá mi ni mo ń wá eré fún," ni ó wí. "Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún ni. Kò fẹ́ ẹ̀jẹ̀, kò fẹ́ èébú, kò sì fẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí kò fá irùngbọ̀n. Bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ tètè mọ apànìyàn. Bó bá tètè mọ̀ ọ́n, èmi ni yóò fi ìyókù ọjọ́ náà bá jà."

"Ìyẹn le o."

"Ẹ ò tíì mọ nǹkan kan."

Báyìí ni ó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà òtútù náà, bí Ọjọ́bọ̀ bá pé, Clement yóò dárúkọ eré kan. Bí Ọjọ́bọ̀ kejì bá pé, Judith yóò mú ìdájọ́ bọ̀ láti ilé.

"Màmá ní kí n sọ fún yín pé olùtọ́jú ọgbà ni apànìyàn. Bí ọkùnrin náà ṣe wọlé tòun ti bàtà mímọ́ lóṣù kọkànlá, Màmá ti mọ̀."

"Ṣé wọ́n ní ó dára ṣá?"

"Wọ́n ní òjò pọ̀."

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Clement gbọ́ ohùn ara rẹ̀, àyà rẹ̀ sì já, bí ẹni tó tẹ ẹlòmíràn lẹ́sẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó délé, kò lè wo àwòrán Noreen lójú. Ṣùgbọ́n nígbà tó di oṣù kejì, ó ṣàkíyèsí pé láti Ọjọ́rú ni òun ti ń wo aago. Ó bi ara rẹ̀ bóyá ẹnìkan tí yóò máa bá òun sọ̀rọ̀ ni òun ń wá, tàbí Judith gan-an. Ó lọ ra fìlà tuntun.

Nígbà tí oòrùn ìparí oṣù kẹta yọ díẹ̀, wọ́n jókòó sórí àga gbọọrọ létí òkun, wọ́n ń jẹ ẹja díndín àti ànàmọ́ díndín nínú bébà, àwọn ẹyẹ òkun sì ń fò yí wọn ká bí olè.

"Judith," ni Clement wí, "ṣé o rò pé ọkùnrin tó ti gbéyàwó rí lè tún gbéyàwó?"

"Èmi lẹ ń bi ni àbí ẹyẹ?"

"Ìwọ ni."

Judith pa bébà tirẹ̀ pọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. "Bó bá jẹ́ èmi lẹ ń bi, láti oṣù kìíní ni mo ti gbà. Ẹ̀yin lẹ pẹ́. Ṣùgbọ́n mi ò lè fi Màmá sílẹ̀, Clement, mi ò sì lè mú ẹni tí òun ò fẹ́ wọ ilé ẹ̀. O ní láti wá rí i."

*

Ìyá Pask jókòó lójú fèrèsé, ọ̀pá rẹ̀ dùbúlẹ̀ lórí itan rẹ̀. Ara ti gbẹ mọ́ ọn léegun, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́.

"Ìwọ ni olójò."

"Èmi ni, mà."

"Jókòó. Kì í ṣe ibẹ̀ yẹn. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ á ti bà ọ́ lójú."

"Màmá!" ni Judith ké láti ilé ìdáná.

"Ìwọ máa po tíì ẹ. Ọ̀gbẹ́ni, kí ló pa ìyàwó ẹ?"

"Àìsàn jẹjẹrẹ ni, mà."

"Ta ló wà nílé pẹ̀lú ẹ̀?"

"Èmi nìkan ni."

"Ta ló jogún ilé?"

"Èmi ni, mà."

Arúgbó náà mi orí. "Bó bá jẹ́ eré ni, ìwọ ni wọn ì bá kọ́kọ́ mú."

Clement kò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé ẹnu ìyá náà yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó rẹ́rìn-ín.

"Mo mọ ohun tó gbé ẹ wá," ni Ìyá Pask wí. "Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí nìyẹn. Bó o bá gbé e lọ, ilé àwọn arúgbó ni wọ́n á jù mí sí, kí n máa pàtẹ́wọ́ kọrin bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi."

"N kò ní gbé e lọ, mà. Èmi ni n ó wá máa gbé níbí."

"Kó o wá jókòó sórí àga ọkọ mi?"

Àga náà gan-an ni Clement jókòó lé.

"Ó dáa, gbọ́. Ó tó ọdún mẹ́wàá tí eré ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kankan ti tàn mí jẹ gbẹ̀yìn. Gbogbo wọn ni mo máa ń já bí ẹni já àlọ́. Wá mú ọ̀kan wá tí mi ò ní mọ apànìyàn inú ẹ̀ títí dé òpin, láti apá kìíní dé apá ìkẹyìn. Kó o sì fọwọ́ sí káàdì ẹ̀ bí ẹ ṣe ń ṣe, kí n lè mọ ẹni tí màá bú. Bó o bá rí i mú wá, màá gbà. Bó ò bá rí i, kẹ́ ẹ máa mu tíì yín lọ ní ilé ìkàwé."

Judith tó ń gbé tíì bọ̀ rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Ìyá rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín.

Níbòmíràn, iṣu àti oyin ni ọkùnrin ń gbé lọ bá àna rẹ̀. Ohun tí wọ́n bu fún Clement Rudd nìyí. Ó padà sílé, ó sì gbé bébà kalẹ̀ bí ọmọ iléèwé. Láti oṣù kẹrin dé oṣù kẹjọ, eré márùn-ún ni ó gbé lọ, márààrún ni ìyá náà já. "Àlùfáà ni." "Ìkejì ẹ̀ ni, ìbejì ni wọ́n." "Ajá ni, àwọn wọ̀nyí ò tiẹ̀ nítìjú." Gwenda tí ó sọ ara rẹ̀ di alárinà tilẹ̀ kọ̀wé sí àwọn òǹwòran ní Whitby àti Hull pé kí wọ́n gba àwọn níyànjú. Kò sí èyí tó ràn wọ́n lọ́wọ́.

Ìgbà náà ni Clement rántí Ọ̀gá Mossop.

Kì í ṣe pé ó gbàgbé rẹ̀. Inú dúrọ́ọ̀ tó wà lábẹ́ tẹlifíṣàn ni eré náà wà, apá mẹ́fà, ìpànìyàn kan ní apá kọ̀ọ̀kan. Ọlọ́pàá sísanra kan tí ń gun kẹ̀kẹ́ kiri abúlé ni Ọ̀gá Mossop. Ní oṣù tó kẹ́yìn ayé Noreen ni wọ́n ń wò ó lórí ibùsùn. Noreen tí í máa mọ apànìyàn kí tíì tó tutù, kò já ọ̀kan. "Clement, ọkùnrin oníkùn yìí ń fi mí ṣẹ̀sín o," ni yóò wí, yóò sì rẹ́rìn-ín títí ikọ́ yóò fi dí i lọ́nà. Wọ́n wo apá márùn-ún. Wọ́n fi ìkẹfà sílẹ̀ de Ọjọ́ Àìkú. Ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọkọ̀ ilé ìwòsàn wá gbé Noreen, Noreen kò sì padà wálé.

Láti ìgbà náà, kò ṣí dúrọ́ọ̀ yẹn. Ó ṣí i báyìí. Ó jókòó síwájú tẹlifíṣàn ní ọ̀sán mẹ́ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àwo fídíò náà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì lè fi í sínú ẹ̀rọ. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé márùn-ún dára, pé ìkẹfà yóò dára. Ẹni tó se ọbẹ̀ ìgbà márùn-ún tí iyọ̀ kò sì jù, kí ni yóò ba ìkẹfà jẹ́? Ó lọ kọ káàdì.

Gwenda gbà á, ó wò ó. "Ẹ ti wò ó dé òpin?"

"Mo ti wò ó."

Ní ogójì ọdún tí ó fi ṣiṣẹ́ ojú irin, kò fi àmì irọ́ hàn fún ọkọ̀ kan rí.

*

Apá kìíní tan Ìyá Pask jẹ. Èkejì tàn án jẹ. Nígbà tó di ẹ̀kẹta, ó ju ọ̀pá rẹ̀ lu tẹlifíṣàn. Judith sáré wá bá Clement nílé ní ọjọ́ tí kì í ṣe Ọjọ́bọ̀.

"Clement, Màmá ní ìyá ọkọ ni apànìyàn! Obìnrin yẹn ti kú láti ìbẹ̀rẹ̀! Màmá ò jẹun alẹ́, inú ló ń bí i!"

"Ṣé ó bínú púpọ̀?"

"Inú ẹ̀ dùn, ìwọ òmùgọ̀ yìí. Ọdún mẹ́wàá ni mi ò ti rí i kó máa rìn ká ilé, kó máa bá ara ẹ̀ jiyàn. Ó ní kí n ra àkàrà òyìnbó. Ó ní kó o wá ká jọ wo ìkẹfà ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago mẹ́ta."

Clement gbọ́ Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó rántí ọkọ̀ ilé ìwòsàn. Ó ní òun yóò wá. Ìdùnnú ojú obìnrin náà pọ̀ ju ohun tí ẹnìkan lè bàjẹ́ lọ.

Ìkẹrin àti ìkarùn-ún náà tan Ìyá Pask jẹ. Ní aago mẹ́ta Àbámẹ́ta náà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó, àkàrà òyìnbó wà láàárín wọn. Orin ìbẹ̀rẹ̀ eré náà dún. Fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Clement kò rí nǹkan kan. Noreen ni ó ń gbọ́, tí ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀, ó rí ilé kan nínú eré náà. Ó rí arúgbó obìnrin kan tó kú sórí ibùsùn. Ó rí ọmọbìnrin rẹ̀, ẹni bí ọgọ́ta ọdún, tí kò lọ́kọ, tó ti tọ́jú ìyá náà lọ́dún gbọọrọ, tí àwọn ará abúlé sì ń bá kẹ́dùn. Ó rí ọkùnrin kan tí aya rẹ̀ kú, tó ń gbé òdòdó wá sí ilé náà ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀.

Clement kò já apànìyàn kan rí láyé rẹ̀. Noreen ni í máa já a. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ náà, nígbà tí eré kò tíì dé ìdajì, ó mọ̀ ọ́n. Ó mọ̀ ọ́n bí ènìyàn ṣe ń mọ̀ pé ọkọ̀ méjì wà lójú irin kan náà, tí ọwọ́ rẹ̀ kò sì tó ohun tí yóò fi dá wọn dúró.

Ó lè pa ẹ̀rọ náà. Ó lè sọ pé inú ń run òun. Ó wo Judith. Ó rí i pé ọwọ́ rẹ̀ ti dúró lórí àwo àkàrà. Ó wo ìyá náà. Arúgbó náà tẹ̀ síwájú, ó ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Dókítà ni. Rárá. Àbúrò ẹ̀ ni. Àbúrò ẹ̀ ni." Clement jókòó síbẹ̀.

Ọ̀gá Mossop gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti ògiri, ó wọlé, ó sì béèrè lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà ní ohùn jẹ́jẹ́ ìdí tí ìrọ̀rí ìyá rẹ̀ fi wà nínú omi ìfọṣọ ní àárọ̀ ọjọ́ tí ìyá náà kú. Ọmọbìnrin náà ní, "Ó rẹ̀ mí, ọ̀gá. Ẹnìkan fẹ́ mi, ìyá mi ò sì kú."

Orin ìparí dún tán.

"Mi ò já a," ni Ìyá Pask wí nígbẹ̀yìn. "Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. O jàre, olójò."

"Mà, ẹ jọ̀ọ́..."

"Ìwọ ti wò ó tẹ́lẹ̀. Ìwọ lo yàn án."

"N kò wò ó, mà. Mo búra. N kò mọ̀ pé báyìí ló ṣe parí."

"O fọwọ́ sí i pé o wò ó. Mo rí káàdì ẹ. Ṣé òpùrọ́ ni ẹ́ nígbà yẹn ni, tàbí o ń purọ́ nísinsìnyí? Ọ̀kan nínú méjèèjì ni."

Clement wo ilẹ̀. "Ìgbà yẹn ni, mà. Èmi àti ìyàwó mi wo márùn-ún. Ó kú kí a tó wo ìkẹfà. N kò lè wò ó láìsí i."

Judith gbójú sókè nígbà náà, ó sì wò ó. Ojú náà kò ní ìbínú. Clement ì bá fẹ́ kí ó ní i.

"Mo ti fọwọ́ sọ̀yà, mi ò ní kó ọ̀rọ̀ mi jẹ," ni arúgbó náà wí. "Ẹ lọ fẹ́ ara yín. Mo gbà." Ó gbé ọ̀pá rẹ̀, ó ń gbìyànjú láti dìde, Judith sì sáré lọ dì í mú. Ìyá náà yọ apá rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. "Ṣùgbọ́n láti òní lọ, Judith, má bá mi tún ìrọ̀rí ṣe mọ́. Màá máa tún un ṣe fúnra mi."

"Màmá, àwàdà lẹ ń ṣe, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni ìyá rẹ̀ wí. "Àwàdà ni."

*

Ní ọjọ́ Ajé wọ́n wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Scarborough, wọ́n sì fi orúkọ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìgbéyàwó. Òfin ibẹ̀ ni pé wọn yóò lẹ orúkọ wọn mára ògiri fún ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n kí ẹnikẹ́ni tó bá ní ohun tí yóò sọ lè wá sọ ọ́; lẹ́yìn náà, wọ́n ní ọdún kan láti fi so yìgì. Bí ọdún náà bá pé tí wọn kò so ó, ìfilọ̀ náà di asán.

"Màmá ń ti ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀," ni Judith wí nínú bọ́ọ̀sì bí wọ́n ṣe ń padà bọ̀. "Ó ń fi àga tì í. Mo gbọ́ ọ bó ṣe ń wọ́ àga náà nílẹ̀."

"Yóò gbàgbé."

"Màmá kì í gbàgbé apànìyàn, Clement."

Clement ránṣẹ́ sí Gwenda pé kí ó bá òun bẹ ìyá náà. Gwenda lọ, ó sì padà wá bá a pẹ̀lú ojú pupa.

"Ó ní òun ò bínú sí ẹnikẹ́ni. Ó fún mi ní tíì. Èmi ló ní kí n pò ó, kò jẹ́ kí Judith pò ó. Mo bi yín, Ọ̀gbẹ́ni Rudd. Mo bi yín lójúkojú bóyá ẹ ti wò ó dé òpin."

"O bi mí."

"Kí ló ṣe yín tẹ́ ò sọ? Ǹ bá bá yín wò ó! Ǹ bá jókòó tì yín!"

Kò sí ẹni tó sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún un láti ìgbà tí Noreen ti kú.

Ní ọjọ́ kọkànlélógún lẹ́yìn tí wọ́n wo apá kẹfà náà, Ìyá Pask sùn lọ́sàn-án, kò sì jí. Judith ń se ẹyin ní ilé ìdáná. Nígbà tó kan ilẹ̀kùn tí kò gbọ́ ohùn, ó pe aládùúgbò, ọkùnrin náà sì fi èjìká ti ilẹ̀kùn náà títí àga ẹ̀yìn rẹ̀ fi yí ṣubú. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ló dáwọ́ dúró, pé ẹni ọdún méjìléláàádọ́rùn-ún ni, pé ikú jẹ́jẹ́ ni, kí gbogbo ènìyàn gbàdúrà irú rẹ̀. Gbogbo ìlú sọ fún Judith pé ó ṣe ọmọ. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ìlà kejì ni Clement jókòó sí, nítorí pé kò mọ̀ bóyá òun ní ẹ̀tọ́ sí ìlà kìíní.

Ó dúró de oṣù mẹ́ta. Ó béèrè. Judith ní, "Kò tíì yá." Ó dúró de oṣù mẹ́fà. Judith gbá ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Mi ò pa á. Mo mọ̀, ìwọ náà mọ̀. Bó bá jẹ́ pé mo tilẹ̀ rò ó rí ni, màá mọ ohun tí mo fẹ́ bẹ Ọlọ́run sí. Mi ò rò ó rí. Ṣùgbọ́n ó bẹ̀rù mi, Clement. Ọdún méjìlá ni mo fi wẹ̀ ẹ́, mo fi gé èékánná ẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó kẹ́yìn ló wá ń bẹ̀rù mi. Bí mo bá wọ ẹ̀wù ìyàwó, ṣe ni yóò dà bíi pé mo ń sọ fún un pé ó já a."

"Èmi ni mo fà á."

"Ìwọ ni," ni Judith wí. Kò fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ níbẹ̀. "Mo sì mọ ìdí tó ò fi lè wò ó. Bó bá jẹ́ ọkùnrin tó lè wò ó ni ẹ́, ǹ bá má fẹ́ ọ. Kí ni ká wá ṣe sí i?"

Clement fi ọwọ́ kejì bo tirẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn nínú ọdún ìfilọ̀ náà ni Gwenda tẹ ọ́fíìsì Scarborough láago láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àyè kan ṣoṣo ló kù, ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́ta ọ̀sán. Ó ní òun yóò ti wà níbẹ̀, òun àti Ọ̀gbẹ́ni Lumley tí yóò ṣe ẹlẹ́rìí kejì, pé kí wọ́n ṣáà wá. Clement sọ fún Judith. Judith ní, "Wá ní aago kan."

Nígbà tí ó dé, Judith wọ ẹ̀wù òtútù aláwọ̀ aró, gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ ló dì. Ó ti fi nǹkan pa ètè. Ọkàn Clement fò sókè, ó sì fi ọwọ́ mú un wálẹ̀. Wọ́n jókòó sí yàrá iwájú. Bọ́ọ̀sì aago méjì kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún ni yóò gbé wọn débẹ̀ lákòókò. Òdìkejì títì gan-an ni ó máa ń dúró sí.

"Ìyẹn ni ẹ̀wù tó o fẹ́ wọ̀?" ni Judith bi í.

"Ṣé kò dára ni?"

"Ó dára. O gbàgbé bébà alágbàfọ̀ lára ẹ̀." Ó na ọwọ́, ó yọ bébà náà kúrò lápá rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ tẹ́ ibẹ̀. Ó fi ọwọ́ náà síbẹ̀.

Bọ́ọ̀sì dé. Wọ́n rí i láti ojú fèrèsé. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí. Obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ẹrù ọjà.

"Mo fẹ́ dìde," ni Judith wí.

"Mo mọ̀."

"Láti àárọ̀ ni mo ti ń sọ fún ẹsẹ̀ mi."

Awakọ̀ náà wo ilé náà bí ẹni tó rí wọn. Ó tó ìdajì ìṣẹ́jú tó fi dúró. Clement lè fà á dìde. Ó lágbára tó bẹ́ẹ̀. Ó ronú pé ọkùnrin mìíràn ì bá fà á. Ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì pa dé, ó sì lọ.

Judith kò sunkún. Ó ń wo títì. Clement bẹ̀rẹ̀ sí í tú bọ́tìnnì ẹ̀wù òtútù náà fún un, láti òkè wá sísàlẹ̀.

"Ṣé kí n máa lọ?" ni ó bi í.

"Má lọ."

"Tí n kò bá lọ, kí ni mo wá jẹ́ níbí?"

"Mi ò mọ̀, Clement," ni Judith wí. "Ṣáà má lọ."